Òkun kékeré nínú pálọ̀: bí a ṣe ń to táǹkì ẹja omi iyọ̀ ní Abuja

Ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Abuja lè sin ẹja òkun dáadáa. Tèmi wà ní pálọ̀ mi ní Kubwa, láàárín fíríìjì àti ògiri. Gígùn táǹkì náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ìbú rẹ̀ 30, gíga rẹ̀ 35, ó sì ń gba nǹkan bíi lítà 63. Ẹ má ra èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń tètè bàjẹ́: oúnjẹ díẹ̀ tó jẹrà tó láti da gbogbo rẹ̀ rú.

Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Tí ẹ bá wá ro gíláàsì, yanrìn àti òkúta mọ́ ọn, tábìlì oníke ò lè gbé e. Káfíńtà kan ní Dei-Dei ló bá mi kan àpótí tí tèmi dúró lé, mo sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kí gíláàsì má baà sán. Ẹ má gbé e síbi tí oòrùn fèrèsé ti lè pa á.

Ó wá kan omi. Ibẹ̀ ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, nítorí omi lẹ máa kọ́kọ́ sìn kí ẹ tó sin ẹja. Omi ẹ̀rọ ìjọba ní kiloríìnì. Ti mai ruwa àti ti bọ̀ọ̀hóòlù, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú wọn. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ RO (reverse osmosis, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ ohun tó yòrò sínú omi kúrò) sẹ́ ni kí ẹ lò. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò ṣe é fi ṣe é, torí kò ní kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù tó wà nínú omi òkun. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táǹkì òkun ni kí ẹ rà; gíráàmù 35 sí 38 ló ń lọ sí lítà kan. Ẹ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọṣẹ ò kàn rí, kí ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù kékeré máa rò ó títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi náà sójú refractometer, ohun tí a fi ń wo bí iyọ̀ inú omi ṣe pọ̀ tó, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ yọjú wo inú rẹ̀. Ibi tí búlúù ti pàdé funfun ni kí ẹ kà: 1.025 la ń wá, ìyẹn ni pé omi náà wúwo ju omi lásán lọ díẹ̀.

Ẹ da yanrìn òkun sísàlẹ̀ táǹkì, ẹ to òkúta òkun gbígbẹ bíi kílò 6 lé e, ẹ rọra da omi sí i, kí ẹ tan pọ́ǹpù. Ẹ fọ́n oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú rẹ̀ kó jẹrà. Ìjẹrà yẹn á mú ammonia wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara òkúta á sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate. Méjì àkọ́kọ́ yẹn májèlé ni fún ẹja. Ó sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí àwọn méjèèjì tó di òdo tí ẹ bá dán omi náà wò. Ẹni tó bá ní kí ẹ kó ẹja sí i lọ́jọ́ kejì, ọjà rẹ̀ ló ń tà.

Ooru ni ọ̀tá wa gan-an níbí. Ẹja òkun fẹ́ 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹta sí Kẹrin, pálọ̀ nìkan ti ju 30 lọ. Ẹ kọ fáànù kékeré sí ojú omi. Bí omi ṣe ń gbẹ lọ ló ń tutù. Tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ìgò omi dídì tí ẹ dé pa lè léfòó nínú rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ ní pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tó lè lo páwà báńkì pẹ̀lú, nítorí omi gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ dúró. Nígbà ọ̀yẹ́, hítà ló kù, torí òru máa ń tutù.

Bí omi bá ń fà, iyọ̀ ò bá a lọ. Mo lẹ téèpù tín-ín-rín mọ́ ara gíláàsì níbi tí omi yẹ kó dé, àràárọ̀ ni mo sì ń fi omi RO lásán kún un dé ibẹ̀. Lọ́yẹ́, ó máa ń fà gan-an.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín òògùn ẹ̀fọn nínú yàrá táǹkì. Èyí tó ń pa ẹ̀fọn yẹn ń pa ẹja, ó sì ń pa edé kíákíá. Nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ta.

Clownfish (ẹja kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun) méjì ti tó irú táǹkì yìí, pẹ̀lú ìgbín òkun díẹ̀. Ẹja búlúù tí àwọn ọmọdé máa ń bẹ̀bẹ̀ fún yẹn lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ má fìyà jẹ ẹ́. Tí ẹ bá gbé ẹja délé, ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú omi tó bá a wá, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín fa omi táǹkì wá, kí ẹ ta kókó sí i kó máa kán tó, tó, tó fún wákàtí kan. Ẹja nìkan ni kí ẹ fi àwọ̀n gbé sínú táǹkì. Ẹ da omi tó bá a wá nù.

Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi. Tí ẹ bá ń lọ sílé ọdún, ẹ pín oúnjẹ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá kékeré fún ẹni tó máa bá yín tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì kó agolo oúnjẹ fúnra rẹ̀ pamọ́.