Skáànù wo ló máa fi hàn pé jẹjẹrẹ ìfun ti ràn?
CT (skáànù tó ń fi X-ray ya àwòrán inú ara) ti àyà, ikùn àti ìbàdí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, ó yá, ó sì ń fi ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró hàn pa pọ̀, àmọ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín yín wò kí wọ́n tó gún yín lábẹ́rẹ́ dáì, ìyẹn oògùn tó ń jẹ́ kí àwòrán náà hàn kedere o. Tó bá wá rí nǹkan bíńtín lára ẹ̀dọ̀ tí ò yé dókítà, ẹ béèrè MRI (skáànù tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì), ó máa ń rí èyí tí ò tó sẹ̀ntímítà 1 dáadáa ju CT lọ. PET, ìyẹn skáànù tí wọ́n ń kọ́kọ́ gún èèyàn ní ṣúgà tó ní ìtànṣán díẹ̀, ńkọ́? Ibi tó ń jẹ ṣúgà gan-an ló ń tàn níbẹ̀, torí náà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó tètè sọ, jẹjẹrẹ tó kún fún ikun (omi tó ń yọ̀, tó ki bíi kẹ̀lẹ̀bẹ̀) sì lè má tàn rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú CD tí àwòrán skáànù yín àtijọ́ wà nínú rẹ̀, CT pẹ̀lú CT ni kí wọ́n fi wéra.