Bí mo ṣe bá oníbàárà tó le parí ìwé owó orí rẹ̀ láìpurọ́ fún ìjọba

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn èèyàn ṣe ìwé owó orí wọn ní Amẹ́ríkà. Enrolled agent ni mí, ìyẹn ni pé ìjọba fún mi láṣẹ láti ṣojú àwọn èèyàn níwájú IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Wọ́n á kó ìwé wọn wá, wọ́n á dáhùn ohun tí mo bá béèrè, wọ́n á buwọ́ lù ú, wọ́n á sanwó. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì gbà pé nígbà tí òun ti jù mí lọ, ohun tí òun bá ní kí n kọ ni kí n kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín àwọn èèyàn wa ni mo ń kọ ọ́ sí, nítorí wàhálà tiwa ní ọ̀nà tirẹ̀. A ò lè gbójú sókè wo àgbà, a ò sì lè kọ irọ́ kí a fi orúkọ wa sí i.

Ọdún 2025 ni, ìwé owó orí ti 2024 la fẹ́ ṣe. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló fún un ní nọ́ńbà mi. A ò tíì kíra tán lórí fóònù tó fi sọ iye tó ń retí.

“Àbúrò, wọ́n ní o mọ iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dọ́là ni kí o bá mi gbà padà o. Ẹni tó bá mi ṣe é lọ́dún tó kọjá ò mọ nǹkan kan.”

Tí ẹnì kan bá ti dárúkọ iye owó kí n tó rí ìwé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún ń bú ẹni tó ṣe é ṣáájú mi, mo mọ̀ pé ó yẹ kí n fara balẹ̀. Kì í ṣe pé màá lé e. Mo kàn máa rí i pé ohun gbogbo wà lákọsílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ni. Mo dá a lóhùn pé: “Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mi ò tíì rí ìwé yín, torí náà mi ò lè sọ iye kankan báyìí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí yín ná, sà.”

Ìwé àdéhùn yẹn ló gbà mí lọ́wọ́ ohun púpọ̀ lẹ́yìn náà, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Iye tí màá gbà wà níbẹ̀, bí fọ́ọ̀mù tí mo máa kọ bá ṣe pọ̀ tó ni mo sì fi ṣírò rẹ̀. Mi ò kì í gba ìpín nínú owó tí ìjọba bá dá padà. IRS fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n sá fún ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdajì owó iṣẹ́ á wọlé kí n tó bẹ̀rẹ̀, àti pé owó iṣẹ́ jẹ́ owó iṣẹ́, yálà ìjọba dá owó padà ni o, tàbí oníbàárà ló jẹ ìjọba. Mo kọ wákàtí tí mo máa ń gbé ìpè síbẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú pé ohun tí ẹ̀rí bá wà fún nìkan ni màá kọ sínú ìwé. Níkẹyìn, nítorí pé òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń ṣe ìwé kan ni, àwọn méjèèjì ló máa buwọ́ lù ú.

“Ṣé ilé ẹjọ́ la ń lọ ni?” Ohun tó sọ nìyẹn nígbà tó kà á tán. Mo ní rárá sà, kí gbólóhùn má baà yí láàárín wa ni. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ buwọ́ lù ú, òun náà wá buwọ́ lù ú lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé wọn ò wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò ló ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárín òru, òmíràn á gé nílàjì, òmíràn ò ní ṣeé kà. Mi ò bá a jiyàn lórí ìyẹn. Láràárọ̀ ni mò ń fi orúkọ ìwé tó kù ránṣẹ́ sí i, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, títí ìyàwó rẹ̀ fi kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àpò kan tó sì gbé e wá.

Nígbà yẹn ni mo wá rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ oṣù, ibi iṣẹ́ wọn sì ti ń yọ owó orí lára owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tún ń fi mọ́tò gbé èrò lẹ́yìn iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì yọ owó orí kankan lára èyíinì. Owó tí àwọn èrò san lórí rẹ̀ lé ní 41,000 dọ́là, iléeṣẹ́ tó ń fún un níṣẹ́ sì ti mú 9,800 nínú rẹ̀. Ó ní kí n kọ 60,000 máìlì pé òun wà fún iṣẹ́ yẹn. Ní 2024, sẹ́ǹtì 67 ni òfin gbà kí a yọ kúrò nínú èrè fún máìlì kan. Tí mo bá kọ 60,000, ó di 40,200 dọ́là, kò sì ní sí èrè kankan tí ìjọba máa gba owó orí lé lórí.

Mo tú àpò yẹn. Mo rí rìsíìtì méjì láti ibi tó ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò, ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ January, ọ̀kan ní ìparí December. Ọwọ́ ẹni tó pààrọ̀ ọ́ìlì ló kọ iye máìlì tó wà lójú mọ́tò sí wọn lórí: 61,874 lórí ti àkọ́kọ́, 98,530 lórí ti ìkejì. Gbogbo ìrìn mọ́tò yẹn láàárín ọdún, ti ọjà, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ibi iṣẹ́ oṣù rẹ̀, 36,656 ni. Mo wá wo àkọsílẹ̀ tó ń ṣe lórí fóònù rẹ̀, èyí tó ní ọjọ́, ibi tó lọ àti ìdí tó fi lọ, nítorí ohun tí òfin ń béèrè nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá kan mọ́tò. Mo rí 27,600 tó jẹ́ ti iṣẹ́ lóòótọ́. Iye owó rẹ̀ jẹ́ 18,492 dọ́là. Owó gidi nìyẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni.

Mo pe àwọn méjèèjì lórí fídíò, mo gbé rìsíìtì méjèèjì sójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n lè rí i. Mi ò sọ pé ẹ̀gbọ́n purọ́. Mi ò kì í sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni, torí tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti jáde lẹ́nu ọmọdé sí àgbà, iṣẹ́ ti parí, ìjà ló kù. Ohun tí mo sọ ni pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo nọ́ńbà méjèèjì yìí sà. Mọ́tò ò lè ṣe 60,000 nínú 36,000.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ta ló máa wá wò ó?”

“Èmi ti wò ó sà. Mo ti rí i, mi ò sì lè sọ pé mi ò rí i.”

Mo wá sọ ohun tó máa dé bá èmi fún un, nítorí ọ̀pọ̀ oníbàárà rò pé àwọn nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Tí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ kí owó orí lè dín kù, owó ìtanràn tèmi jẹ́ 5,000 dọ́là tàbí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí mo gbà lórí iṣẹ́ yẹn, èyí tó bá pọ̀ jù. Mo tún lè pàdánù àṣẹ iṣẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: “Orúkọ tèmi náà wà nínú ìwé yìí o.”

Máìlì rọrùn ju ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀gbọ́n ń sanwó ilé ìwé fún ọmọ àbúrò rẹ̀ méjì tó wà ní Nàìjíríà. Ó ti gbọ́ pé, fún ọdún 2024, 2,000 dọ́là ni ìjọba ń yọ kúrò nínú owó orí lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tó ń sọ ti wá. “Ṣé wọn kì í ṣe ọmọ mi ni? Bàbá wọn ti kú. Èmi ni mò ń bọ́ wọn, èmi ni mò ń ra bàtà fún wọn.” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bá a jiyàn, èmi náà ò sì bá a jiyàn. Mo sọ fún un pé òfin ibí kò béèrè ẹni tó ń bọ́ ọmọ nìkan. Ó ń béèrè pé kí ọmọ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí kó máa gbé ní Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Fún 2,000 yẹn, ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni, èyí tó fàyè gba iṣẹ́, kó sì ti bá a gbé ju ìdajì ọdún lọ. Àwọn tó wà ní Nàìjíríà tí wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà ò lè wọlé, iye yòówù kí ó máa fi ránṣẹ́. Lójú tèmi, òfin yẹn le fún àwa tí ẹbí wa ń gbé lókè òkun. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ṣe é, Form 8867 sì wà tí èmi tí mo ṣe ìwé gbọ́dọ̀ kọ láti fi hàn pé mo béèrè ìbéèrè wọ̀nyí kí n tó kọ orúkọ ọmọ. Tí mi ò bá ṣe é bó ṣe yẹ, owó ìtanràn rẹ̀ ti ju 600 dọ́là lọ lórí àǹfààní kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ló ti bínú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun gba owó padà lọ́wọ́ mi, kí ló dé tí òun ò lè gbà? Ó ní òun lè bí mi. Mi ò lè fèsì lórí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ rárá. Tí mo bá sọ ohun tó wà nínú ìwé oníbàárà kan fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé mi dé ẹ̀wọ̀n ọdún kan ni, pẹ̀lú owó ìtanràn tó lè tó 1,000 dọ́là. Ọ̀rẹ́ náà pè mí lọ́jọ́ kejì láti bá a bẹ̀ mí, èsì kan náà ni mo fún òun náà: mi ò lè sọ pé mo mọ ẹnikẹ́ni.

Tí ohùn bá ti ga báyìí, mi ò kì í fi ohùn tèmi bá a ga, mi ò sì kì í ṣàlàyé mọ́. Mo ní, “Mo ti gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká dá a dúró síbí lónìí. Màá kọ ohun tí a jọ sọ, màá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó sì kà á nígbà tí ara bá tù yín.” Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ ọ́ sínú ímeèlì, mo fi ọ̀nà tó wà níbẹ̀ hàn án: ká ṣe é pẹ̀lú ohun tí ẹ̀rí wà fún, tàbí kó mú ẹ̀rí míì wá, tàbí kó kó ìwé rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò sí ìbínú kankan nínú ímeèlì yẹn. Bí mo ṣe ń kọ ọ́, mò ń fojú inú wò ó bí ẹni pé òṣìṣẹ́ IRS ló máa kà á.

Ó ní kí n kó ìwé òun fún òun. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Owó mi kò tíì pé, ṣùgbọ́n Circular 230, ìyẹn òfin tó de àwa tí a ń ṣojú èèyàn níwájú IRS, kò gbà kí n torí owó mú ìwé oníbàárà mọ́lẹ̀. Mo rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan tí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ìbínú. Kò dáa, ó sì ń fún oníbàárà ní ẹ̀sùn tí kò ní tẹ́lẹ̀.

Ní ìparí March, ìyàwó rẹ̀ pè. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní òun lè gba owó yẹn fún wọn ni wọ́n lọ. Ẹni náà fẹ́ gba ìpín nínú rẹ̀, ó sì ní òun ò ní fi orúkọ òun sí ìwé náà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ bí ẹni pé àwọn ló ṣe é fúnra wọn. Òfin ní kí ẹni tó gbowó ṣe ìwé buwọ́ lù ú, kó sì kọ nọ́ńbà PTIN rẹ̀ sí i, ìyẹn nọ́ńbà tí IRS ń fún ẹni tó ń gbowó ṣe ìwé owó orí. Àǹtí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, rí i pé ẹni tó ń sá fún ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kò ní dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí lẹ́tà IRS bá dé. Ó ní òun ò ní buwọ́ lù ú.

Mo gbà wọ́n padà, ṣùgbọ́n mo sọ ohun tí mo fẹ́ kí n tó gbà. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa pè mí. Owó tó kù á wọlé kí n tó ṣí ìwé. A ò ní tún ọ̀rọ̀ máìlì àti ti àwọn ọmọ sọ mọ́. Ó pè. Kò bẹ̀ mí, mi ò sì retí pé kó bẹ̀ mí. Ó ní, “Àbúrò, ibo la bá a dé?” Mo sọ ibi tí a bá a dé fún un.

Mo wá gbogbo ohun tó tọ́ sí i fún un. Owó tó ń san lójú ọ̀nà nígbà tó ń gbé èrò wọlé, ìpín iṣẹ́ nínú owó fóònù náà wọlé. Síbẹ̀ èrè tó kù lé ní 12,000 dọ́là, ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni òfin sì ń gbà lórí ìdá tó pọ̀ jù nínú irú èrè bẹ́ẹ̀ fún Social Security àti Medicare, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì àti ti ìtọ́jú ìlera àwọn àgbàlagbà, yàtọ̀ sí owó orí fúnra rẹ̀. Gbèsè tó já sí lé díẹ̀ ní 2,500 dọ́là. Mo fi ìlà kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Inú ẹ̀gbọ́n ò dùn, ṣùgbọ́n kò pariwo.

Ó béèrè bóyá kí àwọn dúró títí owó á fi pé kí àwọn tó fi ìwé ránṣẹ́. Mo ní rárá, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ kó tó di April 15. Ìtanràn ẹni tí kò fi ìwé ránṣẹ́ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, ti ẹni tó fi ránṣẹ́ tí kò tíì sanwó jẹ́ ààbọ̀ ìdá kan péré, pẹ̀lú èlé. Mo fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè bá IRS ṣe àdéhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti san án láàárín 180 ọjọ́ láìsan owó ìforúkọsílẹ̀ kankan. Àwọn méjèèjì buwọ́ lu Form 8879, èyí tó fún mi láṣẹ láti fi ìwé wọn ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, nítorí mi ò lè fi ìwé wọn ránṣẹ́ láìsí ìyẹn. IRS gbà á.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ máa san owó orí ṣáájú sílẹ̀ fún un, kí ti 2025 má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn bákan náà: April 15, June 16, September 15, àti January 15 ọdún 2026. Mo kọ iye tó máa san lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀. Mo sọ fún un pé owó iṣẹ́ mi á ga díẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, àti pé gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ wọlé kó tó di ìparí February. Ó ní òun ti gbọ́, kí n fi ìwé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí ìyàwó òun.