Ẹ Má Fi Ehoro Ṣe Ẹ̀bùn Ọdún Àjíǹde: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàrin Àwọn Òbí

Ìsinmi Ọdún Àjíǹde ní Ìlú Ọba kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n ehoro tí a bá rà nítorí rẹ̀ lè lo ọdún mẹ́jọ sí méjìlá láyé. Mo wà lára àwọn tí ń gba ehoro tí àwọn tí ó ni ín kò fẹ́ mọ́, tí a ń tọ́jú rẹ̀ nínú ilé wa títí a ó fi rí ẹlòmíràn tí yóò gbà á. Ohun tí ó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ náà ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé e wá: wọ́n ní àwọn kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Wọ́n ti náwó sórí ẹranko, wọ́n ti náwó sórí àgò àti sórí oúnjẹ aláwọ̀ mèremère, kí wọ́n tó wá ẹni tí wọn yóò bi léèrè. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tí ẹ ń tọ́mọ ní ìlú òyìnbó ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí ojú àwọn ènìyàn wa ń pọ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà wa.

Àṣìṣe kìíní ni kí a gbà pé Ọdún Àjíǹde kò pé láìsí ehoro. Nílé, a mọ bí a ti ń ṣe ọdún náà: a ń lọ sí ìsìn, a ń se oúnjẹ, a ń wọ aṣọ tuntun, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ Ajé a ń kó àwọn ọmọ lọ sí Gálílì. Kò sí ehoro níbẹ̀. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ọmọdé pé ehoro ni ó ń gbé ẹyin ọdún wá; dókítà kan tí ń jẹ́ Georg Franck von Franckenau kọ̀wé nípa àṣà náà ní ọdún 1682, àwọn ará Jámánì tí ó ṣí lọ sí Pennsylvania ni wọ́n sì gbé e dé Amẹ́ríkà. Ehoro oko ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí kì í gbé inú ihò ni ti inú ìtàn yẹn. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ẹranko mìíràn pátápátá, àtọmọdọ́mọ ehoro inú ihò ti ilẹ̀ Sípéènì àti Pọ́túgà ni. Bí ọmọ yín bá ti ilé-ìwé dé tí ó ní òun fẹ́ ehoro ọdún, ẹ ra ti ṣokoléètì fún un. Ohun tí àwọn olùtọ́jú ehoro ní ìlú Columbus ní Ohio ti ń bẹ àwọn òbí fún láti ọdún 2002 nìyẹn, wọ́n pe ìpolongo náà ní Make Mine Chocolate, n kò sì tí ì rí ìmọ̀ràn tí ó dára jù ú lọ.

Àṣìṣe kejì ni kí a sọ fún ọmọdé pé, "Tìrẹ ni, ìwọ ni kí o máa tọ́jú rẹ̀." Òfin ìtọ́jú ẹranko tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006 fún England àti Wales kò gbà kí wọ́n ta ẹranko fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún mẹ́rìndínlógún. Bí ọmọ tí kò tó ọjọ́ orí yẹn bá sì ní ẹranko lọ́wọ́, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni òfin kà sí ẹni tí yóò dáhùn fún ẹranko náà. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọmọ lè fẹ́ràn ehoro tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kò lè ní sùúrù tí ìtọ́jú rẹ̀ ń fẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ yóò sì fẹ́ ṣe ni kí ó gbé e. Ẹranko tí àwọn ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ehoro. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kúrò nílẹ̀, ohun tí ara rẹ̀ ń sọ fún un ni pé àṣá ti gbé òun. Yóò fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tàpá pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Eegun rẹ̀ fúyẹ́, iṣan itan rẹ̀ sì le, nítorí náà bí ọwọ́ kò bá gbé ìdí rẹ̀ ró, ó lè fi ìtàpá kan ṣoṣo ṣẹ́ eegun ẹ̀yìn ara rẹ̀. Kí ọmọ jókòó sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí ehoro fúnra rẹ̀ wá bá òun.

Àṣìṣe kẹta: ríra ehoro kan ṣoṣo. Ẹ̀dá tí ń gbé pọ̀ ni, ìdánìkanwà sì ń jẹ ẹ́ níyà.

Àṣìṣe kẹrin ni kí a gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tà á gbọ́ pé abo ni méjèèjì. Ehoro kékeré ṣòro láti mọ̀ ní akọ tàbí abo, àwọn tí ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì bìkítà láti wò ó dáadáa. Abo lè lóyún kí ó tó pé oṣù márùn-ún, oyún náà kì í ju oṣù kan lọ, ó sì tún lè gba akọ ní ọjọ́ tí ó bímọ gan-an. Ìdílé kan pè wá pé ọ̀kan nínú "àwọn arábìnrin méjì" tí àwọn rà ń fi eyín fa irun àyà ara rẹ̀ tu, wọ́n rò pé àrùn awọ ara ni, wọ́n sì ti ra ìpara. Ìtẹ́ ni ó ń fi irun náà ṣe. Ọmọ mẹ́fà wà nínú rẹ̀ nígbà tí a débẹ̀, wọ́n pọ́n, wọn kò ní irun lára, ojú wọn kò sì tí ì là. Akọ náà ṣì wà nínú àgò kan náà pẹ̀lú ìyá wọn. Kí oṣù kan tó pé, ó tún bí mẹ́rin sí i.

Ní ti àgò, ẹ má jẹ́ kí àwòrán ara páálí tàn yín. Ẹgbẹ́ tí ń rí sí ìtọ́jú ehoro ní Ìlú Ọba, ìyẹn Rabbit Welfare Association and Fund, ní ehoro méjì nílò ààyè tí ó gùn ní mítà mẹ́ta, tí ó fẹ̀ ní mítà méjì, tí ó sì ga ní mítà kan, kí ó sì ṣí sílẹ̀ fún wọn tọ̀sán-tòru. Ọ̀pọ̀ àgò tí wọ́n ń tà mọ́ ehoro ọdún kò tó ìdajì ìdajì rẹ̀.

Kárọ́ọ̀tì kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Koríko gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀.

N kò ní ka òǹkà mọ́ báyìí, nítorí àṣìṣe tí ó ti pa ehoro jù lójú mi kò ṣeé fi ìlà kan sọ. Òun ni kí a rí i pé ehoro dákẹ́, kí a sì sọ pé ara rẹ̀ balẹ̀. Ajá tí inú ń run yóò hu, ológbò yóò ké. Ehoro kò ní sọ nǹkan kan. Nínú igbó, èyí tí ó bá fi àìsàn hàn ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ́kọ́ ń rí, nítorí náà a dá a mọ́ ọn láti fi ìrora pamọ́ títí agbára rẹ̀ yóò fi tán. Ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró. Koríko ni ó ń jẹ́ kí ìfun náà máa ṣiṣẹ́, koríko kan náà ni ó sì ń lọ eyín rẹ̀, nítorí eyín ehoro kì í ṣíwọ́ híhù títí ọjọ́ ikú. Bí eyín bá gùn jù, ẹnu yóò máa ro ó. Bí ẹnu bá ń ro ó, kò ní jẹun. Bí kò bá sì jẹun, ìfun yóò dúró, afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀. Kò lè bì bí ènìyàn ti ń bì. Ehoro tí kò bá jẹun fún wákàtí méjìlá ti di ti pàjáwìrì, kì í ṣe ẹni tí à ń sọ fún pé, "Jẹ́ kí a wò ó di ọ̀la."

Ìdílé kan tí ó mọ̀ mí ní ìjọ pè mí ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìyá ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ó ti dákẹ́ láti àná. A rò pé ara rẹ̀ ti ń mọ́lé ni, àfi pé kárọ́ọ̀tì tí a fún un ṣì wà níbẹ̀." Nígbà tí mo débẹ̀, ehoro náà ká jọ sí igun àgò, ó pa ojú dé ní àbọ̀, etí rẹ̀ tutù nínú ọwọ́ mi. Ó ń payín keke jẹ́jẹ́, àmì ìrora sì ni. Mo gbọn koríko tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti wá ìgbẹ́ rẹ̀: ìwọ̀nba tí mo rí kéré, ó gbẹ, irun sì so wọ́n mọ́ ara wọn. Dókítà ẹranko tí ń ṣiṣẹ́ òru fún un ní oògùn ìrora, ó fi omi sí i lára, ó ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò tí ì mọ́ tí ó fi kú. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n san ní òru ọjọ́ yẹn nítorí ẹranko tí owó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò tó nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n rà á fún bi mí bóyá òun ni òun pa á. Mo ní rárá, nítorí kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó máa wo ìgbẹ́ ehoro láràárọ̀. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni, àgbàlagbà tí ó wà nínú ilé náà kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀.

Ó tún kù, ó sì kan àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé wa kò ṣàìní Ampiclox tàbí amoxicillin tí a kó bọ̀ láti Nàìjíríà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi sẹ́nu ehoro. Irú àwọn oògùn wọ̀nyí tí a bá fún un mu máa ń pa àwọn kòkòrò rere tí ń ṣiṣẹ́ nínú ìfun rẹ̀, àwọn búburú yóò sì gba ipò wọn, ehoro náà yóò sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Oògùn eégbọn ti ajá àti ológbò tí ó ní fipronil nínú náà jẹ́ májèlé fún un. Kì í sì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ni ó mọ ehoro dáadáa. Kí ẹ ti wá èyí tí ó mọ̀ ọ́n kí ehoro tó wọlé. Lọ́wọ́ rẹ̀ náà ni ẹ ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún, lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ ó sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí abo bímọ mọ́, nítorí àrùn jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ gan-an lára abo tí a kò bá ṣe é fún bí ó ti ń dàgbà.

Ẹ wá wo bí oṣù ti ń lọ. Ehoro tí wọ́n rà ní Oṣù Kẹrin jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó rọ̀, ó kéré, ó ń sùn púpọ̀. Nígbà tí yóò fi di Oṣù Kẹjọ, ó ti bàlágà: ó ń tọ̀ sára ògiri, ó ń gé wáyà jẹ, ó ń hú kápẹ́ẹ̀tì, ó sì lè bu ọwọ́ tí ó bá wọ àgò rẹ̀ jẹ. Oṣù yẹn náà ni ilé-ìwé wà nínú ìsinmi, tí ìdílé ti san owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó. Ìgbà náà ni fóònù wa kì í sinmi. Ohun tí ó burú jù ni ti àwọn tí kò tilẹ̀ pè. Wọ́n ń gbé e lọ sí ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ń tú u sílẹ̀, wọ́n ní ẹran igbó ṣáà ni. Kì í ṣe ẹran igbó mọ́. Ehoro funfun tàbí alámì tí wọ́n bí sínú àgò kò mọ ibi tí yóò sá pamọ́ sí, kò mọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, awọ rẹ̀ sì ń tàn lórí koríko tútù. Òfin 2006 kan náà lè mú ẹni tí ó bá pa á tì bẹ́ẹ̀. Ní California, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019 ni òfin kọ́kọ́ sọ pé àwọn ṣọ́ọ̀bù ẹranko kò gbọdọ̀ ta ajá, ológbò tàbí ehoro àfi èyí tí ó bá ti ilé ìgbàlà ẹranko wá, láti ọdún 2021 wọn kò sì gbọdọ̀ tà wọ́n rárá mọ́, mo sì fi tọkàntọkàn fẹ́ kí irú rẹ̀ dé ibi gbogbo.

Bí Ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, tí ó di Oṣù Kẹfà, tí àgbàlagbà inú ilé fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ, ṣì fẹ́ ehoro, kí ó wá sí ilé ìgbàlà ẹranko tí ó wà nítòsí rẹ̀. Yóò bá méjì tí ó ti dàgbà níbẹ̀, akọ tí a ti tẹ̀ lọ́dàá àti abo tí a ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n ti mọ ara wọn, tí a sì ti mọ ìwà wọn. A ó bi í léèrè ẹni tí yóò máa wò wọ́n nígbà tí ó bá lọ sílé, dókítà tí ó ti bá sọ̀rọ̀, àti ibi tí ààyè mítà mẹ́ta náà wà. Bí ó bá jẹ́ pé ilé háyà ni ó ń gbé, kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda onílé rẹ̀ dání, nítorí òun ni a ó kọ́kọ́ béèrè.