Bí a ṣe ń yan ẹ̀rọ Wi-Fi fún kọ̀ǹpútà ilé

Ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé) olówó gọbọi ni mo kọ́kọ́ rà, mo gbé e délé, íntánẹ́ẹ̀tì ò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àṣé ìgbì rédíò 2.4 GHz, èyí tó lọ́ra ju 5 GHz lọ, nìkan ni kọ̀ǹpútà mi mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ara kọ̀ǹpútà ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Lórí Windows, ṣí Command Prompt (ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), tẹ "netsh wlan show drivers", kó o wá ìlà "Radio types supported". Èyí tó tuntun jù níbẹ̀ ni kó o wò: 802.11n ni Wi-Fi 4, 802.11ac ni Wi-Fi 5, 802.11ax ni Wi-Fi 6. Bó bá jẹ́ pé 802.11n ló parí sí, fi ẹ̀rọ Wi-Fi tuntun ràn án lọ́wọ́ kó o tó ronú ráútà.

Fún láptọ́ọ̀pù, ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí a ń kì bọ ojú USB ló rọrùn jù. USB 3.0 ni kó o rà, torí USB 2.0 kò lè kọjá 480 Mbps (mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwọ̀n ìyára). Kọ̀ǹpútà tó dúró sójú kan lè gba káàdì PCIe (káàdì Wi-Fi tí a ń kì bọ inú àpótí rẹ̀) nínú, àmọ́ ṣọ́ra: ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni áńtẹ́nà káàdì náà máa ń wà, irin àpótí rẹ̀ á sì dí i lójú bó bá kọ ẹ̀yìn sí ògiri lábẹ́ tábìlì. Wá èyí tí áńtẹ́nà rẹ̀ ní okùn, kó o lè gbé e sórí tábìlì. Bí ráútà bá wà nítòsí, wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ.

Ó wá ku ráútà. Ra èyí tó ní 2.4 GHz àti 5 GHz pọ̀. 2.4 GHz máa ń la ògiri kọjá dáadáa, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀: Wi-Fi aládùúgbò, Bluetooth, àní máíkírówéfù pàápàá. 5 GHz yára, ògiri ló ń dá a dúró.

Má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí tàn ọ́ jẹ. AC1200 tí wọ́n kọ síbẹ̀, 300 Mbps ti 2.4 GHz àti 867 Mbps ti 5 GHz ni wọ́n rò pọ̀, tí wọ́n wá sọ 1167 di 1200. Ọ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà rẹ sábà máa ń lò lẹ́ẹ̀kan, ohun tó sì máa dé ọwọ́ rẹ kéré sí 867 yẹn. Bó bá sì jẹ́ 50 Mbps lò ń sanwó fún, kò sí ráútà tó lè sọ ọ́ di 200.

Rí i pé ó ní WPA3 (ọ̀nà ààbò tó ń dáàbò bo Wi-Fi), tàbí ó kéré tán WPA2. Èyí tó bá jẹ́ WEP, ààbò àtijọ́ tí kò lágbára, nìkan ló ní, fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Tó o bá gbé e délé, àárín ilé ni kó o gbé e sí, níbi tó ga díẹ̀, kó o sì yí páásíwọ́ọ̀dù tó bá a wá padà. Lẹ́yìn náà, jókòó síbi tó o ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, tẹ "netsh wlan show interfaces", wo "Receive rate", ìyẹn ìyára tí kọ̀ǹpútà fi ń gba nǹkan láti ọ̀dọ̀ ráútà. Bó bá kéré, kọ́kọ́ sún ráútà tàbí áńtẹ́nà, kó o tún un wò, kó o tó dá ọjà padà.