LED tí kò gbọ́ àṣẹ, bọ́tìnnì tó ń tẹ ara rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn pín-ìnì Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré orí bọ́ọ̀dù kan

Ìbéèrè: Mo so LED mọ́ pín-ìnì 17, mo fi rẹsítọ̀ 330 ohm sí i, mo fi ẹsẹ̀ kejì sí ground. Láti ìgbà tí mo ti fún bọ́ọ̀dù níná ni LED ti ń tàn. Mo pàṣẹ nínú Python pé kí 17 kú, kò kú. Ṣé bọ́ọ̀dù mi ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ fọkàn balẹ̀. Orúkọ méjì ni pín-ìnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àkọ́kọ́ ni ipò rẹ̀, tí a bá kà á lára bọ́ọ̀dù láti 1 dé 40. Èkejì ni nọ́ńbà GPIO tí kóòdù mọ̀ ọ́n sí. Ohun tó wà ní ipò 17 kì í ṣe GPIO17, iná 3.3V tí kóòdù kò lè pa ni. Ipò 11 ni GPIO17 wà. Ẹ tẹ `pinout` sí tẹ́mínà, á ya àwòrán bọ́ọ̀dù yín gan-an fún yín. Bó ti wù kó dá mi lójú tó, mo máa ń wò ó kí n tó so wáyà kankan.

Ìbéèrè: Mo ti gbé e lọ sí ipò 11. Ní báyìí kò tàn rárá.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ kóòdù kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ pa bọ́ọ̀dù, ẹ gbé wáyà náà láti ipò 11 lọ sí ipò 1, tó jẹ́ 3.3V, kí ẹ tó tún un tàn. Bí LED bá tàn, kóòdù lẹ máa wò. Ó ṣeé ṣe kó ti parí kíákíá, nítorí gpiozero, àkójọ kóòdù Python tó ń darí pín-ìnì, máa ń tú pín-ìnì sílẹ̀ tí kóòdù bá ti parí. `pause()` ní ìparí rẹ̀ á dá a dúró. Bí kò bá tàn, ẹ yí LED padà: ẹsẹ̀ tó gùn ni kó wà ní ìhà iná. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ground wò. Àwọn breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà sí) kan wà tí ìlà iná ẹ̀gbẹ́ wọn gé ní àárín, tí ojú kò sì tètè rí i. Èyí gba odindi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́wọ́ mi rí.

Ìbéèrè: Bọ́tìnnì mi ń ṣe bí ẹni pé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Bí mo bá sún ọwọ́ mọ́ wáyà, ó tún ń burú sí i.

Ìdáhùn: Pín-ìnì àwọlé tí nǹkan kan kò dì mú kò dúró sí òdo, kò dúró sí ọ̀kan. Iná èyíkéyìí tó bá wà nítòsí, títí kan ti ara yín, ló ń tì í síwá sẹ́yìn. Rẹsítọ̀ tí yóò dì í mú ti wà nínú bọ́ọ̀dù, ẹ kàn máa pè é ni. `Button(27)` nínú gpiozero máa ń fà á sókè fúnra rẹ̀, nítorí náà ground ni kí ẹsẹ̀ kejì bọ́tìnnì lọ. Bí 3.3V lẹ bá so ó mọ́, ẹ kọ `Button(27, pull_up=False)`. Ẹ yẹra fún GPIO2 àti GPIO3 níbi èyí: rẹsítọ̀ 1.8 kilohm ti fà wọ́n sókè títí láé.

Ìbéèrè: Kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lórí Pi 4 kọ̀ lórí Pi 5.

Ìdáhùn: Ó ní láti jẹ́ pé RPi.GPIO, àkójọ kóòdù Python mìíràn fún pín-ìnì, lẹ lò. Ṣípù RP1 ló ń darí pín-ìnì Pi 5, RPi.GPIO kò sì mọ̀ ọ́n. Ẹ lo gpiozero pẹ̀lú lgpio, tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè: Mo so ẹsẹ̀ Echo ti HC-SR04 (sensọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) tààrà mọ́ GPIO24. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá pín-ìnì náà ti kú?

Ìdáhùn: 5V ni Echo ń gbé jáde, 3.3V sì ni pín-ìnì yìí lè gbà, torí náà ẹ̀rù yín tọ́. Ẹ yọ gbogbo wáyà kúrò. Ẹ tẹ `pinctrl set 24 op dh` sí tẹ́mínà, kí ẹ fi mítà wọn ipò 18 sí ground: ó yẹ kó sún mọ́ 3.3V. Ẹ fi `dl` rọ́pò `dh`, ó yẹ kó bọ́ sí òdo. Kí ẹ wá dán àwọlé wò: `pinctrl set 24 ip pd`, kí ẹ fi rẹsítọ̀ 1 kilohm so ó mọ́ 3.3V. `pinctrl get 24` gbọ́dọ̀ fi `hi` hàn; bí ẹ bá yọ ọ́, `lo`. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, ẹ fi pín-ìnì náà sílẹ̀, kí ẹ sì dán àwọn tó kù wò bákan náà. Kí ẹ tó dá sensọ̀ padà, ẹ fi 1 kilohm sí àárín Echo àti pín-ìnì, àti 2 kilohm láti pín-ìnì sí ground. 5V náà á di nǹkan bí 3.3V.