Anguimanus: bí mo ṣe tú gírámà ọ̀rọ̀ kan nínú ewì Lucretius

Mo sanwó fún ìwé atúmọ̀ èdè Látìn orí fóònù, irọ́ ni ó fi san án fún mi. Ó ní ẹ̀yán tí í parí sí -us fún akọ àti -a fún abo ni anguimanus. Ìlà méjì tí mo ń túmọ̀ nínú De rerum natura, ewì Látìn tí Lucretius ará Róòmù kọ, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti jẹyọ, kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìtumọ̀ kò le. Anguis ni ejò, manus ni ọwọ́, erin ni wọ́n sì ń júwe. Àwa tí a ń pe imú erin ní ọwọ́jà mọ ohun tí akéwì ń wí. Àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ ejò ni o, ọlọ́wọ́-bí-ejò ni.

Gírámà ni ó dá mi dúró. Ní ìwé kejì, ìlà 537, a rí anguimanus elephantos: erin púpọ̀, akọ, ní ipò àbọ̀. Bí atúmọ̀ èdè yẹn bá tọ̀nà, anguimanos ni à bá rí. Ní ìwé karùn-ún, ìlà 1303, boves lucas, ìyẹn màlúù Lucania, ni ó ń yán. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù sọ erin nìyẹn, torí Lucania, ní gúúsù Ítálì, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nígbà tí wọ́n ń bá Ọba Pyrrhus ti Epirus jagun. Abo ni boves níbẹ̀, síbẹ̀ kò di anguimanas. Bí manus fúnra rẹ̀ ṣe ń yí padà ní ìsọ̀rí kẹrin (ọ̀kan nínú ìsọ̀rí tí a pín ọ̀rọ̀ orúkọ Látìn sí gẹ́gẹ́ bí ìparí wọn ṣe ń yí padà) ni ọ̀rọ̀ yìí ń tẹ̀ lé, fún akọ àti abo bákan náà.

Ẹ̀rí wà nínú ìlù ewì náà. Ìdá mẹ́fà ni ìlà kan, sílébù gígùn sì ni ìdá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlà 537 nìyí: in genere anguimanus elephantos, India quorum. Ẹ pa e ìparí genere jẹ, kí ẹ wá pín in: in-ge-ne | r'an-gui-ma | nus-e-le | phan-tos | In-di-a | quo-rum. Nus ni ó bẹ̀rẹ̀ ìdá kẹta. Fáwẹ́lì ni ó tẹ̀ lé e, kò sí kọ́ńsónáǹtì kejì tí yóò fà á gùn, nítorí náà u fúnra rẹ̀ ni ó gùn. Gígùn bẹ́ẹ̀ ni -us ti àbọ̀ ọ̀pọ̀ ní ìsọ̀rí kẹrin; kúkurú ni -us ti olùwà ẹlẹ́yọ kan. Inú mi dùn gan-an pé ewì náà fúnra rẹ̀ ni ó dá ẹjọ́ yìí!

Ẹ má fi ìlà 1303 bẹ̀rẹ̀: b inú belli tẹ̀ lé nus níbẹ̀, ìyẹn á sì mú sílébù náà gùn bí u tilẹ̀ kúrú. Kí ẹ tó náwó sórí atúmọ̀ èdè kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń sàmì sí fáwẹ́lì gígùn. Tèmi kò sàmì sí ẹyọ kan.