Bí Ọtí Bá Ti Di Bárakú fún Yín ní Ìlú Ọba: Ẹgbẹ́ Wà Tí Yóò Dúró Tì Yín

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ogbómọ̀ṣọ́ tó wà ní ìlú Ọba mọ̀ pé ọtí ti ń borí wọn. Ohun tó ń dá wọn dúró ni ìbẹ̀rù pé ẹnì kan á gbọ́, á pe ìyá wọn ní Tákìẹ́, ọ̀rọ̀ á sì ti dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Mo ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún kí n tó padà wálé, mo sì rí àwọn tí ìtìjú yìí mú kí wọ́n máa dá mu nínú yàrá títí ara fi kọ̀. Ó dùn mí gan-an, torí ìrànlọ́wọ́ wà nítòsí wọn, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹgbẹ́ tó gbajúmọ̀ jù ni Alcoholics Anonymous, tí wọ́n ń pè ní AA. Àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà méjì ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron lọ́dún 1935. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ dókítà, ọtí sì ti da ayé àwọn méjèèjì rú. Lọ́dún 1947 ó ti dé London. Wọn kì í béèrè orúkọ bàbá yín, físà yín tàbí ibi tí ẹ ń gbé. Orúkọ kan ṣoṣo ni ẹ máa dá. Wọn kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀: wọ́n á gbé igbá kiri, ẹni tó bá ní á sọ owó sí i, ẹni tí kò ní á gbé e fún ẹlòmíràn. Kí ó sáà ti wù yín láti jáwọ́ nínú ọtí, ẹ ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Ẹ pe 0800 9177 650 láti ibikíbi ní Britain, ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Tàbí kí ẹ wọ ojúlé AA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ postcode yín síbẹ̀, gbogbo ìpàdé tó wà nítòsí á jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru á rí ti àárọ̀ àti ti ọ̀sán, àwọn mìíràn sì wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ Peckham tàbí Woolwich ní London ni ẹ ń gbé, tí ẹ̀rù sì ń bà yín pé ẹ ó pàdé ará ilé, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí àdúgbò mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ìdí rẹ̀.

Inú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń jókòó sí, àmọ́ wọ́n kàn yá ibẹ̀ ni. Wákàtí kan tàbí kan àbọ̀ ni. Tíì á wà nílẹ̀. Ẹnì kan á sọ bí ọtí ṣe mú òun àti bí òun ṣe bọ́, àwọn yòókù á wá máa sọ tiwọn. Wọn kì í dá ara wọn lẹ́kun, wọn kì í sì í báni wí. Bó bá kàn yín, ẹ ní ẹ fẹ́ kàn gbọ́ ni, ó tán. Wọ́n máa ń dárúkọ Ọlọ́run, àmọ́ bí olúkúlùkù bá ṣe mọ̀ ọ́n ni, nítorí náà Mùsùlùmí àti Onítẹ̀bọmi lè jọ jókòó. Ẹni tí kò bá fẹ́ èyí lè lọ sí SMART Recovery, ẹgbẹ́ mìíràn níbi tí wọn kì í ti í gbàdúrà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹni tó ń mu lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu, kò gbọdọ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Gìrì lè gbé e, ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Kí ó kọ́kọ́ rí dókítà àdúgbò, ìyẹn GP, tàbí ilé ìtọ́jú ọtí ti àdúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ọ̀fẹ́ ni rírí GP. Bí gìrì bá ti bẹ̀rẹ̀, 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè. Ẹni tó ń wa mọ́tò sì gbọ́dọ̀ fi tó DVLA, àjọ tó ń bójú tó ìwé àṣẹ ìwakọ̀, létí pé ọtí ti di ìṣòro fún òun, òfin ni.

Àwa tí a mọ paraga àti ògógóró sí ọtí líle máa ń fojú kéré wáìnì inú súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìmọ̀ràn ìjọba lọ́hùn-ún ni pé kí àgbàlagbà má ṣe máa kọjá yúnìítì 14 lọ́sẹ̀; yúnìítì ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka bí ọtí gidi tó wà nínú ohun mímu ṣe pọ̀ tó. Ìgò wáìnì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ 12% ti gba yúnìítì 9.

Ẹ̀yin òbí ní Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, bí ọmọ bá fọkàn tán yín débi pé ó sọ ọ́ fún yín, ẹ má ṣe fi “a kì í mutí nílé wa” pa á lẹ́nu mọ́, ẹ má sì pàṣẹ pé kí ó máa bọ̀ nílé kíá. Ẹ máa gbàdúrà fún un, kí ẹ sì máa bi í bóyá ó dé ìpàdé lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá ti tún mu ún, ẹ ní kí ó padà lọ. Wọn kì í lé ẹni tó ṣubú. Tó bá níyàwó tàbí ọkọ lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún ìyẹn nípa Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ìdílé onímutí, tí òun náà ní ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì.